Ìwé Agbo-ilé Kì í Ṣe Ìwé Ọmọdé: Ìgbèjà Spider-Girl

Ní ọdún 2023, ogunlọ́gọ̀ èèyàn káàkiri àgbáyé ni ó lọ wo fíìmù tí a ń pè ní Spider-Man: Across the Spider-Verse. Nínú rẹ̀, wọ́n rí ọmọ-ọwọ́ kan tí bàbá rẹ̀ so mọ́ àyà, ọmọ tí ó ń gun ògiri bí aláǹgbá. Mayday ni orúkọ ọmọ náà. Ó pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó mọ̀ nínú wọn pé ọmọ yìí ti dàgbà rí. Pé láti 1998 títí di 2010 ni ó fi jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn nínú ìwé àtìgbàdégbà tirẹ̀. Àti pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ni àwọn tí ó ń tẹ ìwé náà jáde kéde pé àwọn fẹ́ fòpin sí i, tí àwọn òǹkàwé sì yarí pé kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Spider-Girl ni àkọlé ìwé náà. Òun ni mo fẹ́ gbèjà nínú àròkọ yìí.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni olùkọ́ èdè Yorùbá ń wá nínú ìtàn aláwòrán àwọn ará Amẹ́ríkà. Èsì mi kò gùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àlọ́, ìtàn àròsọ àti eré-oníṣe kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín ìtàn kankan nítorí ohun tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Àwa náà sì ti mọ ìtàn aláwòrán tipẹ́. Àwọn tí ó ń kàwé ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1970 kò lè gbàgbé Atọ́ka, ìwé tí ó ń ya fọ́tò eré àwọn òṣèré tíátà bí Ọ̀yìn Adéjọbí, tí ó ń to àwọn fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn, tí ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1975, wọ́n ṣe ìtàn akọni kan tí a ń pè ní Powerman ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún títà ní Nàìjíríà. Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí òkìkí wọn kàn lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí ó yà á. Nítorí náà, ọ̀nà ìsọ̀tàn yìí kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn nípa Atọ́ka: ẹ̀dà kan ṣoṣo a máa ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ti ìyá, a ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ti ọmọ, kí ó tó ré kọjá sí ọ̀dọ̀ ará ilé kejì. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí níwájú.

Kókó ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ìwé agbo-ilé kì í ṣe ìwé ọmọdé. Ìwé ọmọdé ni èyí tí àgbà kò rí nǹkan mú nínú rẹ̀ àfi kí ó máa rántí ìgbà èwe. Ìwé agbo-ilé ni èyí tí ó ní ìjókòó fún olúkúlùkù ní ìwọ̀n ọjọ́-orí rẹ̀, tí ọmọ kà tí ó rí ara rẹ̀, tí bàbá kà tí ó rí ara rẹ̀ lójú ewé kan náà. Irú èkínní pọ̀ nílẹ̀. Irú èkejì ṣọ̀wọ́n. Irú èkejì ni Spider-Girl, èrò mi sì ni pé nítorí tí àwọn atẹ̀wéjáde àti ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ kà á mọ́ irú èkínní ni wọn kò ṣe fún un ní ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ní 1962 ni Stan Lee àti Steve Ditko dá Spider-Man sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Marvel. Peter Parker ni orúkọ tí òbí sọ ọ́, ọmọ ilé-ìwé tí aláǹtakùn kan gé jẹ, tí ó sì ti ibẹ̀ di alágbára. Ní 1987 ó gbé Mary Jane Watson níyàwó. Ní 1996 Mary Jane bímọ, ṣùgbọ́n ìtàn jẹ́ kí tọkọtaya náà gbà pé ọmọ kò yè, ọ̀rọ̀ ọmọ náà sì di ohun tí a kò sọ mọ́. Tom DeFalco, tí ó ti jẹ́ olóòtú àgbà fún Marvel láti 1987 sí 1994, ni kò jẹ́ kí ó bá bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé kan wà ní Marvel tí a ń pè ní What If, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa béèrè pé bí ọ̀ràn kò bá rí báyìí ńkọ́. Nínú nọ́ńbà 105 rẹ̀, ní 1998, DeFalco àti ayàwòrán Ron Frenz béèrè ìbéèrè kan tí ìyá tàbí bàbá èyíkéyìí tí ọmọ kú fún yóò ti bi ara rẹ̀: bí ọmọ yẹn bá yè ńkọ́? Ìtàn ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n pè é. Àwọn òǹkàwé ní kò tó. Kí ọdún náà tó parí, ọmọ náà ti ní ìwé tirẹ̀, Pat Olliffe ni ó ń yà á, Al Williamson sì ń fi yíǹkì tẹ ìlà rẹ̀.

Nínú ìtàn yìí, May Parker, tí wọ́n ń pè ní Mayday, ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀jáfáfá ni nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nílé-ìwé. Bàbá rẹ̀ ti fi iṣẹ́ akọni sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti pàdánù ẹsẹ̀ kan nínú ìjà àjàkẹ́yìn òun àti Green Goblin. Iṣẹ́ ìwádìí ọ̀ràn nílé àyẹ̀wò àwọn ọlọ́pàá ni ó ń ṣe jẹun. Àwọn òbí kò sọ ìtàn àtijọ́ fún ọmọ rí. Ní ọjọ́ kan ni agbára bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ọmọ.

Òǹkàwé tí ó mọ ìtàn àwọn akọni Amẹ́ríkà dáadáa yóò ti rí ohun tí DeFalco yí padà níhìn-ín. Ọmọ òrukàn ni àwọn akọni wọ̀nyẹn. Ìlú àwọn òbí Superman fọ́ túútúú. Olè yìnbọn pa bàbá àti ìyá Batman. Peter Parker fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ni ó gbé dàgbà, ikú ẹ̀gbọ́n bàbá náà ni ó sì sọ ọ́ di akọni. A fẹ́ẹ̀ lè sọ pé ikú òbí ni ìlẹ̀kùn tí akọni ń gbà wọlé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: bí òbí bá wà láàyè, ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde lóru lọ bá ọ̀daràn jà? DeFalco kò sá fún ìbéèrè yìí. Orí rẹ̀ ni ó kọ́ ìwé rẹ̀ lé. Bàbá wà láàyè, ìyá wà láàyè, wọ́n sì wà nínú ilé. Bàbá kò fẹ́, nítorí ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹsẹ̀ igi tí ó fi ń rìn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ọmọ náà kò lè jókòó, nítorí ó ń wo ẹni tí òun lè gbà là tí ó ń kú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre. Níbi tí ẹni méjì bá ti jàre, tí wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn, eré gidi ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ó yá, bàbá gbà pé òun kò lè dá ọmọ dúró, ó wá ń kọ́ ọ ní ọgbọ́n ìjà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. N kò rí ìtàn akọni mìíràn tí ó fi òwe yìí hàn tó bẹ́ẹ̀. Agbára wà lára ọmọ, ìmọ̀ wà lára bàbá, kò sì sí èyí tí ó tó láìsí èkejì. Bàbá náà sì tún ní àìsàn kan tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀: ó ń ṣàárò iṣẹ́ tí ó ti fi sílẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí a kì í mọ̀ bóyá ẹ̀rù ọmọ ni ó ń bà á ni, tàbí ó ń jowú rẹ̀. Ní ti Mary Jane, obìnrin tí ó ti fi ọ̀pọ̀ òru dúró de ọkọ lójú fèrèsé ni. Ó wá di ẹni tí ó tún ń dúró de ọmọ. Ọmọdébìnrin tí ó bá ka ojú ewé yìí yóò máa bínú pé wọn kò jẹ́ kí Mayday jáde. Ìyá rẹ̀ tí ó bá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa wo aago pẹ̀lú Mary Jane. Ohun tí mo pè ní ìwé agbo-ilé nìyẹn.

Ohun kejì tí mo fẹ́ tọ́ka sí ni ọwọ́ tí ìwé yìí fi mú ọ̀tá. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó dojú ìjà kọ Mayday ni Normie Osborn, ọmọ-ọmọ Green Goblin tí ìjà rẹ̀ gba ẹsẹ̀ Peter. Ó wọ aṣọ bàbá àgbà rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbẹ̀san. Nínú ìtàn akọni mìíràn, ọ̀tá tí a ó máa lù fún ogún ọdún ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Mayday rí i pé ọmọ tí ẹrù ìdílé wọ̀ lọ́rùn ni, bí òun náà ṣe jẹ́ ọmọ tí ẹrù ìdílé wọ̀ lọ́rùn. Kò jáwọ́ lára rẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ nọ́ńbà, ó gba ìpadàsẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn Normie di ọ̀rẹ́ ilé Parker. Ẹ kò ní í rí ibi tí òǹkọ̀wé ti dúró láti wàásù. Ó kàn jẹ́ kí ọmọbìnrin kan tẹra mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn tí ó ti borí nínú ìjà, ó sì jẹ́ kí a rí i pé èyí le ju ìjà lọ. Ogún ìjà ti bàbá sí bàbá kò pọn dandan kí ó di ogún ọmọ sí ọmọ. Ní orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tí ìjà àtayébáyé bá wà, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ní ti àhunpọ̀ ìtàn, iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ́ ni. Nínú nọ́ńbà kan, ẹ ó bá ìjà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí. Ẹ ó bá ọ̀ràn ilé-ìwé àti ọ̀ràn ilé tí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ ó sì bá irúgbìn ìtàn tí yóò hù ní oṣù mẹ́ta sí i. Ẹni tí ó gbé e fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní í ṣìnà, ẹni tí ó ti ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sì ní í sú. Èyí ni ọgbọ́n àwọn apàlọ́: a kì í lé ẹni tí ó pẹ́ dé kúrò ní ìdí àlọ́. Ní àsìkò tí Spider-Girl ń jáde, ọ̀pọ̀ ìwé akọni ti di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ka ìwé mẹ́wàá mìíràn kí ó tó lóye.

Èmi kò ní í sọ pé kò ní àléébù. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Wọn a máa sọ ohun tí àwòrán ti fi hàn wá tẹ́lẹ̀. Èdè tí ó fi sí àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu, ó hàn pé àgbàlagbà ni ó ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Ọ̀wọ́ àwọn ọ̀tá tuntun kan wà tí ènìyàn kì í rántí lẹ́yìn tí ó bá ti pa ìwé dé. Àwòrán Olliffe, àti ti Frenz tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá àṣà ìgbà náà mu, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àléébù lójú mi: ojú ènìyàn dá ṣáká, a mọ ẹni tí ó ń bínú àti ẹni tí ó ń purọ́, bí ara ṣe ń gbé ara rẹ̀ sì bá ohun tí ó ń ṣe mu. Àwọn àléébù yòókù, àléébù ọ̀yàyà ni, àléébù ẹni tí ó ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn yé òun.

Kí wá ni ó dé tí ikú fi ń lé e kiri? Àfi kí a mọ bí ọjà náà ṣe rí. Marvel ti wọ gbèsè débi pé ó sá di ilé-ẹjọ́ ní ìparí 1996. Kò sí owó tí yóò fi máa ṣàánú ìwé kankan. Lẹ́yìn náà, ìtàn aláwòrán ti kúrò díẹ̀díẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn oníwèé-ìròyìn, ó ti bọ́ sínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó jẹ́ pé òun ni iṣẹ́ wọn. Onísọ̀ọ̀bù gbọ́dọ̀ sọ iye ẹ̀dà tí ó fẹ́ ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú, kò sì lè dá èyí tí kò tà padà. Láti 1997 títí di 2021, ilé-iṣẹ́ Diamond ni ó ń kó ìwé Marvel pín fún àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Nítorí náà, nígbà tí atẹ̀wéjáde bá ní òun ń ka òǹkàwé, àwọn onísọ̀ọ̀bù ni ó ń kà: ó ń ka iye tí wọ́n fojú bù pé àwọn oníbàárà wọn yóò rà. Oníbàárà wọn, àgbàlagbà ọkùnrin tí ó ń kó ìwé jọ ni púpọ̀ jù nínú wọn. Ọmọdébìnrin ọdún méjìlá kì í sábà wọ ibẹ̀. Ìyá tí ó ń wá ìwé fún ọmọ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀dà tí ènìyàn márùn-ún bá sì kà nínú ilé kan, ẹ̀dà kan ni nínú ìṣirò wọn. Bí a bá fi ìṣirò yìí ka Atọ́ka wa àtijọ́, òǹkàwé rẹ̀ ìbá dínkù di ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kéde òpin rẹ̀ léraléra. Àwọn ìwé tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, A-Next àti J2, kò ju nọ́ńbà méjìlá lọ. Spider-Girl là á já nítorí pé àwọn òǹkàwé kò dákẹ́. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n ra ẹ̀dà kún ẹ̀dà, wọ́n fi fún ọmọ aládùúgbò. Ó dé nọ́ńbà 100 ní 2006. Kò sí ìwé akọni obìnrin kan ní Marvel tí ó tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Amazing Spider-Girl tún jáde fún nọ́ńbà 30 títí di 2009, àwọn ìtàn kéékèèké tẹ̀lé e, ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ ń kéde òpin sì pa ìlẹ̀kùn dé ní 2010. Láàárín kan náà, ní 2004, Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ jọ sínú ìwé kékeré olówó pọ́ọ́kú tí a lè rí ní ilé-ìtàwé gbogbogbòò. Ọ̀pọ̀ apá ni ó tẹ̀lé èkínní. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀rí: nígbà tí a gbé ìwé lọ síbi tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ wà, wọ́n rà á.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun tí ọjà bá kọ̀, kí a jẹ́ kí ó kú. N kò sọ pé kí atẹ̀wéjáde máa pàdánù owó nítorí ìfẹ́ lítíréṣọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá gbé iṣu lọ sí ọjà ẹja, tí ó padà wálé pé àwọn ènìyàn kò jẹ iṣu mọ́, kò tíì ṣe ìwádìí. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe sí bàbá Mayday nínú ìwé tirẹ̀ sì tún fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni. Ní 2007, nínú ìtàn One More Day, wọ́n mú kí Peter àti Mary Jane bá ẹ̀mí èṣù kan tí a ń pè ní Mephisto ṣàdéhùn láti fi ìgbéyàwó wọn ṣe pàṣípààrọ̀, kí Àǹtí May má baà kú. Èrò wọn ni pé ọkùnrin tí ó ní aya nílé ti dàgbà jù fún òǹkàwé ọ̀dọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, Amazing Spider-Girl ń jáde lóṣooṣù, ó ń fi Peter àti Mary Jane hàn nínú ilé, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ìkókó, ìtàn kò sì tán nínú wọn. Ìwé tí wọ́n kà sí ti ọmọdé ni ó gbà pé àgbà lè jẹ́ ẹni tí ó wu ni láti kà nípa rẹ̀.

Ní 2014, àwọn òǹkọ̀wé mìíràn tún gbé Mayday jáde nínú ìtàn ńlá tí a ń pè ní Spider-Verse. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pa bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀san sì bọ́ sí ọmọ náà lẹ́nu. Wọ́n dá a padà sí ọ̀nà àwọn ọmọ òrukàn, ọ̀nà tí gbogbo akọni ń gbà. N kò mọ ohun mìíràn tí ó lè fi bí Spider-Girl ṣe yàtọ̀ hàn ju èyí lọ: bí DeFalco ti kúrò nídìí rẹ̀, òbí ni wọ́n kọ́kọ́ mú kúrò.

Láti 2018 ni Marvel ti tún ń kó àwọn ìtàn náà jọ sínú ìwé ńlá, kò sì ṣòro jù láti rí. Mo rọ òǹkàwé mi kí ó wá apá kìíní, kí ó kà á, kí ó sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ilé lè tó o. Bí ọmọ náà bá kà á tán, kí wọ́n jọ jókòó, kí ó bi í léèrè ẹni tí ó jàre nínú Peter àti Mayday. Kò dá mi lójú pé ẹnu wọn yóò kò.